Mo Nu Ẹnu Ife Bàbá Níwájú Àlejò

                                        Ojúlé Kejìlá, Òpópó Kànga,
                                        Erlweiler,
                                        Pfalz.
                                        Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Ọ̀wàrà, 1988.

Ẹ̀gbọ́n mi Hannelore tí mo fẹ́ràn,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé àlàáfíà ni Detlef ọkọ yín àti àwọn ọmọ wà? Orúnkún yín tó ń dùn yín nígbà tí ẹ wá sílé lọ́dún tó kọjá ńkọ́, ṣé ó ti ń gbóògùn? Mo gbọ́ lórí rédíò pé òtútù ti dé sí Lübeck, pé atẹ́gùn òkun ti fẹ́ òrùlé àwọn kan lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wọṣọ òtútù dáadáa. Ní tiwa níhìn-ín, a dúpẹ́. Yìnyín ò bọ́ lu àjàrà wa lọ́dún yìí, àwọn ẹyẹ jẹ tiwọn, àwa náà sì rí tiwa kó wọlé. Ọkọ mi Edgar, àbúrò yín, ní kí n kí yín, àmọ́ kò fẹ̀rín sí i, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ẹ má rò pé iṣẹ́ ló pọ̀. Ojú ló ń tì mí. Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí mo jókòó sídìí tábìlì yìí, tí mo kọ orúkọ yín tán, tí mo tún dìde lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Lánàá ni ìyàwó Eugen bi mí ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì bóyá ẹ ti gbọ́. Mo ní ẹ ti gbọ́. Irọ́ ni mo pa. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo ṣe é, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí yóò fi ata àti iyọ̀ sí i.

Ẹ rántí bí Bàbá ṣe rí nígbà tí wọ́n dé láti ilé ìwòsàn. Dókítà sọ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ti lọ pátápátá, pé kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà kúkú mọ Erlweiler: dókítà ń wí tirẹ̀, abúlé ń wí tirẹ̀. Bí ife ńlá bá ti kúrò lọ́wọ́ Bàbá, ẹni tó kàn á ní inú ń run òun, èyí tó tẹ̀lé e á rántí pé òun ò tilẹ̀kùn ilé. Eugen aládùúgbò wa, tí kò kọ ọtí rí láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, ó ní omi ni òun ń mu báyìí. Mo rí i pé ó ń jẹ Bàbá nínú. Ife kan náà ni gbogbo wa fi ń mu ní abúlé yìí. Ẹni tí wọn ò bá mu tẹ̀lé, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò láàárín ara wọn nìyẹn.

Ẹ̀yin lẹ pè mí lórí fóònù, ẹ ní, "Roswitha, ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni kó o máa jókòó sí. Bí wọ́n bá ti mu ún, ìwọ ni kó o gbà á. Mu ún kí gbogbo wọn rí ẹ." Mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ìgbà ooru, èmi ni mò ń gba ife lọ́wọ́ wọn, màá dà á sọ́fun títí ọ̀fun á fi máa dún. Díẹ̀díẹ̀ ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn yòókù. Nígbà tó yá, Eugen fúnra rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní bí obìnrin bá lè mu ún tí kò kú, òun náà á mu ún. Orin ni Bàbá kọ wọlé lọ́jọ́ náà. Mo wá ń wo ara mi bí ẹni tó gba ìlú là.

Irú ìgbéraga bẹ́ẹ̀ ló kó bá mi. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè abúlé ní kí n máa mú àwọn àlejò yí ká, torí pé mo mọ ìtàn, ẹnu mi sì mú. Wọ́n fún mi ní áńkáṣíìfù funfun kan tí wọ́n ya èso àjàrà sí lára, kí àlejò lè dá mi mọ̀. Bó ṣe di pé mo ń fọ èdè bí àwọn tó ń ka ìròyìn nìyẹn. Edgar a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyáàfin Olóyè, ṣé ẹ ó bá àwa ará oko jẹ ọ̀dùnkún lónìí?"

Ní Sátidé kan tí ìkórè ń lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ kan kó àwọn obìnrin kan wá láti Hamburg. Ìyáàfin Lorenzen ni olórí wọn, obìnrin gíga kan tó wọ ìbọ̀wọ́ awọ. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí sí obìnrin yìí. Bí nǹkan bá wù ú, ara mi á yá gágá. Bó bá mójú kúrò, ọkàn mi á já. Mo mú wọn gun ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì láti wo ọgbà àjàrà, ó ní àtẹ̀gùn rẹ̀ há. Mo fi kànga hàn án, ó ní ṣé wọ́n ń yẹ omi rẹ̀ wò. A sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí a ń tọ́jú ọtí àjàrà sí, mo fi àgbá ńlá tí bàbá-bàbá yín gbẹ́ àwòrán Nóà sí hàn wọ́n, àwọn yòókù ń kọ háà. Ìyáàfin Lorenzen fi ìka kan àgbá náà, ó sì wo ìka ìbọ̀wọ́ náà. Ìka yẹn ló bà mí jẹ́. Láti ìgbà náà, ojú rẹ̀ ni mo fi ń wo ohun gbogbo. Mo rí ẹrẹ̀ tó wà lára bàtà wa. Mo rí èékánná Edgar ọkọ mi tí oje àjàrà ti sọ di dúdú, mo sì ṣe bí ẹni pé mi ò rí i nígbà tó juwọ́ sí mi láti orí katakata.

Àgbàlá wa la parí sí. Ìgbálẹ̀ ti wà lẹ́nu géètì, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ọtí wà. Àwọn ará abúlé ti kún orí bẹ́ǹṣì, ọtí tuntun ń hó nínú jọ́ọ̀gì, òórùn kéèkì alálùbọ́sà gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá dìde nígbà tí wọ́n rí wa. Kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wọ̀ nítorí àwọn àlejò mi.

"Ìyàwó mi ti dé! Ẹ sún, ẹ sún, kí àwọn ará etí òkun ríbi jókòó. Eugen, gbé ìdí ẹ kúrò níbẹ̀ jàre!"

"Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ibẹ̀ gbóná ni o!"

"Àwọn ló máa jẹ èrè ẹ̀. Dìde!"

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá bu ọtí tuntun kún ife ńlá, wọ́n ní àkọ́mu ọdún yìí nìyẹn, kí Ọlọ́run jẹ́ ká ṣe é láṣetúnṣe. Wọ́n mu, ìfófòó rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irunmú wọn, wọ́n sì na ife náà sí mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Ìyáàfin Lorenzen jókòó sí. Mo rí i tó ń wo irunmú Bàbá. Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo, lójú mi ó wá dà bí ẹni pé èkúté ọ̀hún ni a gbé síwájú àlejò. Mi ò ronú rárá. Mo fa áńkáṣíìfù funfun yẹn yọ, mo fi nu ẹnu ife náà yí po, mo tún rẹ́rìn-ín músẹ́ sí obìnrin náà kó lè mọ̀ pé èmi mọ ìmọ́tótó. Lẹ́yìn náà ni mo tó mu.

Eugen ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò tiẹ̀ pariwo. "Hẹ̀ẹ́. Roswitha, kí lo rí?"

Mo na ife náà sí Ìyáàfin Lorenzen, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó sì bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara bàbá ò yá ni?" Gbogbo tábìlì ló gbọ́. Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì lọ́jọ́ náà.

Bàbá ló yọ mí. Wọ́n gba ife lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, ọtí yìí ti kan díẹ̀. Ohun tí ìyàwó mi rí nìyẹn. Ẹ jẹ́ n lọ bu èyí tó dáa." Wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé àwọn ife kéékèèké ẹlẹ́sẹ̀ tí a ń kó jáde fún ìgbéyàwó wá, wọ́n fún olúkúlùkù ní tirẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ Bàbá yín, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tí kò gbà rí kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ sí ọtí wọn ni wọ́n fẹnu ara wọn bà á lórúkọ jẹ́ níwájú gbogbo èèyàn, kí wọ́n lè bo àṣírí mi.

Nígbà tí mo sin àwọn àlejò dé ìdí ọkọ̀, Ìyáàfin Lorenzen bọ́ ìbọ̀wọ́, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní abúlé wa dára, ohun kan ṣoṣo ló dun òun. "Wọ́n sọ fún mi pé ife kan náà ni gbogbo yín fi ń mu. Ìdí ẹ̀ tí mo fi yan ibí nìyẹn. Mo ti ń retí kó kàn mí, àmọ́ nígbà tí mo rí i tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ ilé nù ún, ẹ̀rù bà mí." Mo dúró síbẹ̀, mo ń juwọ́ sí ọkọ̀ náà títí ó fi lọ. Mo wá rí i pé irunmú tí mo rò pé ó ń kórìíra, bóyá ńṣe ló ń gbádùn rẹ̀.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn níbí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ikọ́ Bàbá ti padà, pé ìyàwó ilé wọn tó ń mu ún tẹ́lẹ̀ ti mọ nǹkan tí àwọn ò mọ̀. Àwọn ènìyàn ṣì ń wá o, wọn ò fẹ́ kó hàn, àmọ́ olúkúlùkù ló ń mú ife tirẹ̀ wá láti ilé. Edgar bi mí bóyá ẹ̀rù àìsàn ló bà mí. Mo ní rárá, ojú obìnrin yẹn ni. Ó ní, "Ó sàn kó jẹ́ àìsàn." Òtítọ́ ló sọ, ó sì dùn mí wọ eegun.

Mo lọ bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń fọ àwọn garawa ìkórè, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún wọn, pé ojú ayé ni mo ń ṣe. Wọn ò yéé fọ garawa.

"Ọmọ mi, o ò jẹ mí lálàyé kankan. O lọ́mọ kékeré nílé. Bó bá jẹ́ èmi ni, èmi náà á nù ún."

"Bàbá, òtítọ́ ni mò ń sọ fún yín."

"Mo mọ̀, mo mọ̀." Wọ́n gbọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ gbá mi léjìká bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n sì tún dá a padà kó tó kàn mí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé wọn ò gbà mí gbọ́. Wọ́n rò pé mo ń parọ́ kí ọkàn wọn lè balẹ̀ ni.

Nígbà tí mo sọ fún Edgar, ó ní, "Ibi tó o ti ṣe é ni kó o ti sọ ọ́." Nítorí náà, lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, nígbà tí gbogbo wa jọ ń jẹ oúnjẹ ìparí ìkórè nínú àgbàlá, mo dìde. Mo sọ fún wọn pé Bàbá ò ní àìsàn kankan, pé nítorí kí ará Hamburg lè rò pé èmi kì í ṣe ará oko ni mo ṣe nu ẹnu ife bàbá ọkọ mi. Mo sunkún níwájú gbogbo wọn, mi ò lè sọ pé mi ò sunkún.

Eugen na ọwọ́, ó fa ife ńlá sọ́dọ̀, ó bu ọtí sí i. "Ṣé fáàrí lásán ni? Ìyẹn kì í kúkú ranni. Ojú ló máa ń tini!" Ẹ̀rín bú gbàù. Ó mu, ó gbé e fún èkejì rẹ̀, ìyẹn náà mu, ife kékeré tí wọ́n mú wá láti ilé ń wọ àpò padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn mí, mo mu, mi ò nu nǹkan kan. Inú mi ti ń dùn. Mo fọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá.

Wọ́n gbà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní, "Ẹ máa mu, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa mu." Wọn ò gbé e dé ẹnu. Wọ́n dì í mú ní ìsàlẹ̀, níbi tí ẹnu ẹnikẹ́ni kì í kàn, wọ́n sì gbé e kọjá fún ẹni tó tẹ̀lé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nígbàkígbà tó bá kàn wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn ará abúlé ti ṣe tán láti mu tẹ̀lé wọn, Ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá ni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu tẹ̀lé wọn mọ́.

Ẹ bá mi kí Detlef, ẹ bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Mi ò ní sọ pé kí ẹ má bínú. Ẹ bínú sí mi bó bá ṣe wù yín, kí ẹ sì wá sílé. Ẹ̀yin ni ọmọ tí wọ́n bí. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ yín ni ife ti dé ọ̀dọ̀ wọn, bóyá wọ́n á mu.

Ìyàwó yín tí kò lè gbójú sókè,
Roswitha.