Àrọ̀ Tó Lóyún Kẹ́yìn ní Òwẹnà

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Odò Òwẹnà ti ń kún, omi ti gun koríko àbàtà tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹja àrọ̀ máa ń wá yé ẹyin sí. Bí ẹ bá wà láyé, ẹ̀yin ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ ìró wọn. Ẹ óò ní kí gbogbo wa dákẹ́, ẹ óò fọwọ́ lé ìbàdí, ẹ óò máa fetí sí bí ìrù wọn ṣe ń na omi láàárín koríko, inú yín á sì máa dùn bí ẹni tí àlejò rẹ̀ dé láyọ̀. Mo ti dúró síbẹ̀ láti àárọ̀, Yèyé. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Mi ò mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Bàbá wà nínú ilé, ṣùgbọ́n òun gan-an ni mi ò lè sọ ọ́ fún.

Lẹ́yìn tí a sin yín, èmi ni àwọn ìyá tó ń ra ẹja létí odò ní kí n jókòó sí ipò yín. Mo gbìyànjú láti ṣe é bí ẹ ti ń ṣe é. Bí apẹja bá gbé àrọ̀ dé, màá fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ ìgbà tí odò ń kún, tí ẹyin sì wà níbẹ̀, obìnrin kankan ò ní rà á. Èyí tí kò bá tíì gùn tó láti ìgúnpá dé ọwọ́, a ò ní rà á pẹ̀lú. Àwọn ọkùnrin á kùn, ṣùgbọ́n ta ni wọn óò tà á fún? Wọn á dá a padà sómi. Mi ò rí i kí ẹ bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Ẹ kàn máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ óò máa fẹ́ iná tí ẹ fi ń yan ẹja, ẹ óò máa kùn orin ìjọ sábẹ́ imú, títí ọkùnrin náà yóò fi gbé ẹja rẹ̀ kúrò níwájú yín.

Ìyà ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ ò rí àwọn ọdún wọ̀nyí, mo sì dúpẹ́ pé ẹ ò rí wọn. Gàrí ti di ohun tí à ń fi ṣíbí bù fún ara wa. Àwọn olùkọ́ ní Oǹdó ń ṣiṣẹ́ oṣù lórí oṣù láìgba nǹkan kan, àwọn náà wá ń sọ ìwọ̀ sódò lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn tí kòkó wọn ò so mọ́ náà wá. Odò kan ṣoṣo, gbogbo ọwọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn oníkúlà bẹ̀rẹ̀ sí í ti Àkúrẹ́ wá. Wọn kì í tẹ ikùn ẹja. Ohunkóhun tó bá ṣáà ti ń mí, wọn á dà á sórí yìnyín nínú kúlà, ó di ọjà Arákálẹ̀ ní Àkúrẹ́.

Mo pe àwọn ìyá jọ. Ìyá Bọ́sẹ̀, ọ̀rẹ́ yín, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ bó ṣe fẹ́ràn yín tó.

“Ọmọ mi,” ó ní, “òfin ìyá rẹ dára. Ṣùgbọ́n bí a ò bá rà á, àwọn ará Àkúrẹ́ á rà á. Odò á gbẹ bákan náà, ebi á sì tún pa àwọn ọmọ wa mọ́ ọn.”

“Mà, bí a bá jẹ ìyá ẹja tán lọ́dún yìí, kí la óò jẹ lámọ́dún?”

Ó wò mí tàánútàánú. “Ṣé o rí ẹni tó ń bèèrè àmọ́dún níbí?”

Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, èmi nìkan ni mò ń tẹ ikùn ẹja. Kí ni ẹ̀yin ì bá ti sọ fún un, Yèyé?

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá láti Àkúrẹ́, ó ri pátákó mọ́lẹ̀ lẹ́bàá afárá pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lo àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ da oògùn sómi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mo bi í pé ta ni yóò máa ṣọ́ odò, ó ní kò sí epo nínú ọkọ̀ tí àwọn óò fi máa wá. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi yọ pátákó náà, ó fi ṣe ilẹ̀kùn ilé adìẹ.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí omi fà, tí àwọn àrọ̀ àgbà kó ara wọn jọ sínú ibú, wọ́n da oògùn sí i. Oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lára kòkó ni, irú èyí tó wà nílé gbogbo àgbẹ̀ ní Bọ́lọ́rundúró. A ò mọ ẹni tó ṣe é. Bóyá a mọ̀, a ò kàn fẹ́ mọ̀. Lọ́sàn-án gangan, ẹja ń léfòó, ikùn wọn funfun sókè, òmíràn tóbi tó ọmọ ọwọ́. Àwọn èèyàn ń gbé abọ́ sáré wọ omi. Bàbá dúró létí odò, ó ń pariwo, “Ẹ má jẹ ẹ́ o! Oògùn ló wà nínú rẹ̀! Ẹ má jẹ ẹ́!” Wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé igi ni.

Síbẹ̀, kò yéé lọ sódò. Ẹ mọ ọkọ yín. Á gbé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ jáde láàárọ̀, á yẹ ìgèrè tó fi ń dẹ ẹja wò, á padà lófo, á ní ọ̀la ni. Nígbà tí òjò èṣí bẹ̀rẹ̀, ìyàwó àbúrò mi Akínwálé ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ebi ò jẹ́ kí omi ọmú wá. Akínwálé ti lọ wá iṣẹ́ ní Ìlú-Àbò, a ò tíì gbúròó rẹ̀. Ohùn ọmọ náà ti ń lọ sílẹ̀ bí ó ṣe ń sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá ti odò dé, ó gbé àpò kalẹ̀ níwájú mi, kò wojú mi. Àrọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níkùn láìmọ̀. Ẹyin kún un dẹ́nu. Kò sí irú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni rí ní gbogbo àsìkò náà.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n dá a padà. Ó ṣì wà láàyè.”

“Sè é.”

“Bàbá, ẹyin ló...”

“Mo mọ̀. Sè é fún ìyá ọmọ.”

Mo sè é, mo fi ẹfinrin sí i. Bàbá ò tọ́ ọ wò. Ọmọ náà yè, Yèyé. Yéwándé là ń pè é nítorí yín, ó sì ti ń fẹsẹ̀ rìn báyìí. Ìgbà tí mo bá gbé e sórí ẹsẹ̀ mi, mi ò lè ní kí á má ṣe ohun tí a ṣe. Mi ò sì lè ní kò burú. Ta ni mo fẹ́ bi léèrè?

Bàbá dojú ọkọ̀ rẹ̀ délẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò gùn ún mọ́. Ó ti yí àga rẹ̀ padà, ó kọ ẹ̀yìn sódò.

Akínwálé ti ránṣẹ́. Ó ti ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sin àrọ̀ nínú adágún onísìmẹ́ǹtì. Ó ní abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń mú wọn yé ẹyin, wọn kì í retí òjò. Ó ti rí yàrá fún wa, ó ní kí gbogbo wa máa bọ̀. Lọ́jọ́ Ajé ni ọkọ̀ yóò wá kó wa. Mo ti ro ibojì yín, mo ti fi òkúta yí i ká, nítorí mi ò mọ ẹni tí yóò tún un ro. Mo ti di ẹrù Bàbá fún un. Mo ń retí pé yóò bèèrè ìgbà tí a óò padà wálé.

Kò bèèrè.

Ẹ má retí ìró wa mọ́ lójúde, Yèyé. Níbikíbi tí wọ́n bá gbé mi lọ, tiyín ni mí.

Ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju bó ti sọ lójú ayé yín lọ.