Ohun Tí Mo Ṣe ní Ayigya Tí Mi Ò Sọ fún Ọ

Abà Ìsàlẹ̀-Odò,
Lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.

Dinah ọmọ mi, Àmọ̀kẹ́,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé èéfín iná ìdáná òwúrọ̀ kò yọ ọ́ lójú jù? Olúwa tó ń ṣọ́ wa níhìn-ín ni yóò máa ṣọ́ ọ ní Kúmásì lọ́hùn-ún, kò ní jẹ́ kí o rìn lọ́jọ́ tí ọ̀nà ò dára. Àwa náà wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, akọ kan, abo kan, abo yẹn ò mọ ọmú mu, èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ ọ bí ọmọ èèyàn. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí, ẹ̀gẹ́ ta dáadáa. Páànù ilé ìjọsìn wa tí atẹ́gùn ká lọ ti padà sórí òrùlé, a ti kúrò lábẹ́ igi máńgòrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé atẹ́gùn ibẹ̀ dára lákòókò ìwàásù.

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù ìyàwó pásítọ̀. Mo fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀ ọ́, torí ìgbà àkọ́kọ́ tí o sọ̀rọ̀, mò ń dá ọ lóhùn, o ò dúró gbọ́, mo ní pẹ̀lẹ́, o ò dáhùn, mo bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun, o kàn ń sọ̀rọ̀ lọ ni, inú sì bí mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó pásítọ̀ tún tẹ̀ ẹ́, o tún sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, o ò fo ìkankan, o ò sì kanra. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lo sọ ọ́, o tiẹ̀ húkọ́ níbi tí o ti húkọ́ tẹ́lẹ̀. Mo wá sọ fún un pé ọmọ tó lè ní sùúrù tó báyìí fún ìyá rẹ̀, kò lè jẹ́ pé ó ti kúrò nínú ìgbàgbọ́ bó ṣe ń wí yìí. Ó rẹ́rìn-ín títí, mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Nítorí ohun tí o wí nìyẹn. O ní ọjọ́ Ìsinmi márùn-ún rèé tí o ò ti wọ ilé ìjọsìn. O ní láti ìgbà tí o ti kọ ohun tí Díákónì Ọláníyọnu ní kí o ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù oògùn rẹ̀, ìwọ lò ń jí fẹ́ná ògì tí wọ́n ń pè ní kókò níwájú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, òun ló ṣì jókòó ní bẹ́ǹṣì iwájú tó ń gbé igbá ọrẹ. O ní ó ti rẹ̀ ọ́ láti máa dá nìkan ṣe Kristẹni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi wá bírò àti ìwé.

Mo lè fi fóònù fèsì, ṣùgbọ́n fóònù náà kì í ṣe tèmi, ohun tí mo sì fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kí ìyàwó pásítọ̀ gbọ́. Àti pé Àlùhájì Múdàṣírù, tó ń kó àgádágodo lọ tà ní ọjà Kejetia, yà kí mi níjẹta, ó ní obìnrin kan ti ń wá mi láti ọjọ́ yìí, ó sì ti mọ ibi tí o ti ń ta kókò, yóò wá bá ọ. Kó tó dé, ẹnu tèmi ló yẹ kí o ti gbọ́ ọ. Àlùhájì náà ló mú lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ṣé o rántí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ lẹ́yìn ọyẹ́? Ọjọ́bọ̀ kan lo ti ibi iṣẹ́ dé, o jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, o ní Díákónì ní kí o nu déètì ara oògùn ọmọdé kan tó wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì, kí o fi òǹtẹ̀ lu déètì tuntun sí i, o ní o kọ̀, ó sì ní kí o má wá mọ́. Èmi ni mo bá ọ wí. Mo bi ọ́ pé kí ló kàn ọ́ nínú déètì. Lójú tèmi, déètì oògùn dà bíi ti kàlẹ́ńdà ara ògiri, tí ọdún bá parí a ó ká a kúrò, ọjọ́ ò sì tíì tán láyé. Àgbo tí ìyá mi ń sè fún wa, ta ló kọ déètì sí ìdí ìkòkò? O wò mí, o dìde, o lọ fọ abọ́.

Lọ́jọ́ kejì, o jáde lọ wáṣẹ́, èmi náà wọ bàtà, mo lọ bá Díákónì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ayigya. Mi ò sọ fún ọ. Mo kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, èmi tí orúnkún ń dùn, mo ní kó má wo ti ọmọdé, mo ní wàá padà wá ní ọjọ́ Ajé, wàá sì ṣe gbogbo ohun tó bá ní kí o ṣe. Ohun tí ìwọ fi iṣẹ́ rẹ kọ̀, èmi fi ẹnu mi gbà á padà. Ara rẹ̀ yá. Ó pè mí ní Màmá. Ó ní oògùn ò mọ ọjọ́, ìjọba ló mọ ọjọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà tèmi kún un.

Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo wà tí ìyàwó rẹ̀ fi pè é lórí fóònù pé ara ọmọ wọn gbóná. Yorùbá ni wọ́n sọ, mo gbọ́ ọ. Ó dìde, ó na ọwọ́ sórí pákó òkè pátápátá, ó mú ìgò oògùn kan, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó kà á dáadáa, ó fi sápò. Kò pẹ́, obìnrin kékeré kan wọlé, ó pọn ọmọ, ọmọ náà ń mí lemọ́lemọ́ bí ẹni tó sáré. Ó sọ Twi, èdè wọn níbẹ̀, fún Díákónì. Díákónì bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sínú páálí tó wà lábẹ́ tábìlì, ó mú irú ìgò kan náà, omi pupa kan náà, ó fún un. Dinah, mi ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó lọ sókè fún ọmọ tirẹ̀, tó wá lọ sísàlẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn, mo rí i kedere, torí mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ojú mi sì bá ọwọ́ náà dọ́gba.

Má rò pé mo dìde lójú ẹsẹ̀. Mi ò dìde. Obìnrin náà sanwó, ó jáde, èmi ṣì kúnlẹ̀, mò ń ro ti iṣẹ́ rẹ, mò ń ro ti owó ilé rẹ. Mo wá gbàdúrà sínú pé kí Ọlọ́run bá mi dáàbò bo ọmọ yẹn. Àdúrà yẹn ló dójú tì mí. Ó dà bíi pé Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ń bi mí pé ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ta lojú rẹ̀ rí i, ta ló ní ẹsẹ̀.

Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Obìnrin náà ti fẹ́ dé ibi tí ọkọ̀ tiróótiróó ń dúró sí. Twi tí mo gbọ́ kò ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ, èyí tí o kọ́ mi láti máa fi dúpẹ́, mẹ̀dáàsé. Òun náà ni mò ń pariwo bí mo ṣe ń sáré, mẹ̀dáàsé, mẹ̀dáàsé. Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó juwọ́ sí mi, ó ń lọ. Mo tún sáré, mo tún ń dúpẹ́. Nígbà tí mo wá di ọ̀já tó fi pọn ọmọ mú, ẹ̀rù bà á, ó figbe ta, èrò pé lé mi lórí, ẹnìkan fún apá mi mọ́wọ́, wọ́n rò pé mo fẹ́ jí ọmọ gbé. Mo bá ń fi Yorùbá sunkún láàárín ìgboro.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀, ó fi Yorùbá bi mí pé Màmá, ta ló kú. Mo ní kò tíì sẹ́ni tó kú, ìdí tí mo fi ń sáré nìyẹn. Àlùhájì Múdàṣírù nìyẹn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, Kúmásì ni wọ́n bí òun sí, ó sọ Twi fún wọn bí omi, ẹni tó dì mí mú sì fi mí sílẹ̀, ó tún bá mi gbọn eruku aṣọ. Obìnrin náà, Princess lorúkọ rẹ̀, ó ń dirun ní Sawaba, ó wo ìgò náà, ó wò mí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Owó ọwọ́ rẹ̀ ti tán sórí èyí tó rà. Mo tú ìdí ìró mi, mo mú owó tí o fún mi láti fi ra aṣọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn míràn, wọ́n ta èyí tó dára fún un. Nígbà tí mo padà lọ mú bàtà mi, mo sọ fún Díákónì pé kó má bínú, o ò ní wá ní ọjọ́ Ajé, èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Mi ò kúnlẹ̀ sọ èyí.

O dé nírọ̀lẹ́, o bi mí pé ṣé mo ti ra aṣọ, mo ní owó náà bọ́ sọnù nínú ọkọ̀. Ojú ló tì mí láti sọ ibi tí mo lọ. O ò bá mi wí. O ṣí àpótí rẹ, o mú aṣọ aláwọ̀ ewé tí o ń wọ̀ lọ sí ìsìn, o fi fún mi, mo gbà á. Mo wọ̀ ọ́ délé, gbogbo ìjọ yìn mí, kò sì sí ọjọ́ tí mo wọ̀ ọ́ tí kò wúwo lára mi. Àmọ̀kẹ́, jọ̀ọ́, dárí jì mí, torí ìlérí tí mo fi orúkọ rẹ ṣe, àti torí irọ́ tí mo pa fún ọ.

Ohun tí èmi náà ò mọ̀ títí di ìjẹta ni pé Àlùhájì àti àgbà Yorùbá méjì padà lọ bá Díákónì ní ọ̀sẹ̀ náà. Ìtìjú mú un, ó gbé páálí náà lọ sẹ́yìn ilé, ó dáná sun ún níṣojú wọn, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ìgbà tí o rò pé o dá nìkan dúró, àwọn kan wà níbẹ̀ tí o ò rí. Èmi náà wà níbẹ̀, bí mo tilẹ̀ pẹ́ kí n tó dé. Bí o bá ti lu òǹtẹ̀ yẹn láìwí fún mi, báwo ni ǹ bá ṣe mọ ohun tó wà nínú páálí? Kíkọ̀ tí o kọ̀ ló la ojú mi. Ọmọ Princess ti ń rìn báyìí, Àlùhájì ní ó ń sáré kiri ni, ó ń da omi nù. Princess yìí ni obìnrin tó ń wá mi; bí òun àti ọmọ rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, má sọ pé o ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Fún ọmọ náà ní kókò, ṣùgbọ́n jẹ́ kó tutù díẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, àwọn kan gbé ẹ̀rọ kan wá síbí láti fi ìka ọwọ́ gba orúkọ èèyàn sílẹ̀. Nígbà tó kàn mí, ẹ̀rọ náà ní òun ò rí mi. Gàrí tí mo ti ń yan láti kékeré ló pa ìlà ìka mi rẹ́. Mo kí ẹ̀rọ náà, mo sọ orúkọ mi sí i létí, mo sọ ti bàbá mi kún un, kò gbà. Mo sunkún délé, mo ní tí ẹ̀rọ tó rí gbogbo ayé ò bá rí mi, ìwé ìyè wá ń kọ́? Pásítọ̀ ní ìka kọ́ la fi ń wọ ibẹ̀, ó ní Ọlọ́run mọ iṣẹ́ tó pa ìlà náà rẹ́. Mo sọ ọ́ fún ọ torí iná tí ò ń fẹ́ yẹn. Fẹ́ ẹ pẹ̀lú ọpẹ́. Bí o bá ń bu kókò, bù ú kó kún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dúró tí kò rówó fà yọ, pè é kó wá mu díẹ̀. Kí Díákónì tí o bá rí i, má dúró kó kọ́kọ́ kí ọ. Mi ò ní kí o padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bó bá sì tún dán irú rẹ̀ wò, sọ ọ́ fún àwọn àgbà, má bò ó. Ṣùgbọ́n má fi ìjókòó rẹ nílé ìjọsìn sílẹ̀ nítorí rẹ̀, kì í ṣe òun ló pè ọ́ wá síbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Mo mọ̀ pé kò rọgbọ, ṣùgbọ́n apá kan jígí ojú mi ti kán, òwú ni mo fi so ó mọ́ etí, ó ti bọ́ sórí ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí o bá rí díẹ̀, fi rán Àlùhájì sí mi. Kó jẹ́ owó tí ọwọ́ lè dì mú, má fi sínú fóònù, torí èyí tí o fi síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo dojú fóònù náà kọlẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n títí, kò jábọ́. Bí kò bá sí, má yáwó nítorí mi, ma ṣì máa so òwú.

Olúwa á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Á fún ọ ní ọ̀rẹ́ tí ẹ ó jọ máa gbàdúrà. Á fún ọ ní ọkọ tí kò ní ṣojú méjì. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní yọ̀, ọkàn rẹ ò ní rẹ̀wẹ̀sì, wàá sì rí ìdí tí o fi dúró.

Bí o bá fẹ́ bínú sí mi, bínú, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, dìde, wẹ̀, wọṣọ, kí o lọ. Bó jẹ́ ẹ̀yìn pátápátá lo jókòó sí, tí o ò kọrin, tí o kàn jókòó, ó tó.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rúùtù.