Ìtúsílẹ̀ Abíyá Mi

Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì

Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lábíyá lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí òógùn àti òórùn kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ gbápá sókè fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò sọ fẹ́nì kankan, pàápàá Sister Bùnmi ìjọ wa tí ọkàn mi ń fà sí, tí mo tìtorí ẹ̀ ṣe é.

Lónìí, Pásítọ̀ ní ká gbọ́wọ́ sókè. Èmi nìkan ni ò gbé e. Ó ní ẹ̀mí kan ló dè mí lọ́wọ́! Ló bá rán díákónì méjì sí mi, wọ́n nà mí lápá sókè bíi ti Mósè.

Háà, igbe tí mo ké! Ni gbogbo ìjọ bá hó yèè: "Ó ti gba ìtúsílẹ̀!"

Wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí ní Sunday tó ń bọ̀. Tí mo bá purọ́, Ọlọ́run ń gbọ́. Tí mo bá sọ òótọ́, Bùnmi ń gbọ́.