Sàráà fún Òkú Inú Ìwé

Ìsàlẹ̀ Èkó,
Oṣù Kẹta, 1974.

Àdíját ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le, ṣé ẹ̀kọ́ ń lọ geerege? Ire rẹ ni Ọlọ́run yóò máa jẹ́ kí n gbọ́. Ara tèmi le, bàbá rẹ náà wà, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn, n kò sì ní purọ́ fún ọ.

Ìwé ìtàn tí o fi sílẹ̀ nígbà ìsinmi ni mo ń kà fún àwọn ìyá rẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ẹ̀kọ́ àgbà tí o máa ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ kúkú wúlò! Nígbà tí a dé ibi tí Morẹ́nikẹ́, àgàn inú ìwé náà, kú sí ahéré lẹ́yìn tí ọkọ lé e, ẹkún gba ilé kan. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ, ní kò gbọdọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. A rẹ ẹ̀wà, a din àkàrà, a ṣe sàráà, a pín in dé Jankara. Nígbà tí Àfáà béèrè orúkọ bàbá olóògbé, ojú mi ni gbogbo wọn ń wò. Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n orí mi wú.

Kò pẹ́ sí i ni Mọ̀núrù, àbúrò bàbá rẹ, kó ẹrù Sàdíátù ìyàwó rẹ̀ síta. O mọ̀ pé kò tíì bímọ. Ìyá Àgbà ló pàṣẹ, àwọn ìyàwó ilé tó sunkún lórí ẹní ló ń bá wọn gbé àpótí. Wọ́n gbàgbé pé pàṣán tí a fi na ìyáálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Mo ní, "Ìyá wa, ṣebí ẹni tí a din àkàrà fún náà nìyí?" Wọ́n ní, "Ìyẹn, a mọ inú ẹ̀, kò ṣẹ ẹnì kankan. Tèyí ńkọ́? Ta ló mọ nǹkan tó ti ṣe níta kó tó wọlé ọkọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ẹni tó kọ ìwé ló ṣí inú Morẹ́nikẹ́ hàn wá. Ta ló jókòó ti Sàdíátù rí, kó bi í léèrè? Mo lọ bá a nídìí ẹrù rẹ̀. Ó ní òun ti lọ sí ọsibítù, dókítà kò rí àléébù kankan lára òun, pé ọkọ òun ló kọ̀ tí kò lọ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ìyá Àgbà lójú gbogbo ilé. Wọ́n ní mo bú ọmọ àwọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó ilé ni ẹ́, o kì í ṣọmọ ilé." Láti ọjọ́ náà, bàbá rẹ kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Sàdíátù ti padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Èmi nìkan ló sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún.

Ọlọ́run kò ní fi ọ́ fún ẹni tí kò ní bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀. Ẹrù rẹ kò ní sùn síta. Wàá ka ìwé, ìwé yóò sì ṣe ọ́ lóore. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Àlímọ̀t.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: àwọn ìyá rẹ ní kí n bá àwọn tọrọ ìwé mìíràn lọ́wọ́ rẹ, èyí tó ń pani lẹ́kún bíi ti àkọ́kọ́. Má fi ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹkún ló ń wù wọ́n sun, ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó ń gbéra ní Ìdúmọ̀tà láràárọ̀.