Fíìmù Tí N Kò Tíì Wò Tán

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìfaradà. Ara mi dá ṣáṣá ní Kánádà.

Ẹ ní kí n máa sọ fíìmù tí mo wò fún yín, torí opó ò jẹ́ kí ẹ jáde. Èyí tí ìyàwó ti wọ bàtà gogoro gun òkè Adó-Àwáyè, mo fún un ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Èyí tó tẹ̀ lé e ò gbà ju méjì lọ. Ààfáà kú, wọ́n gbé òkú rẹ̀ pamọ́ kí ọmọ rẹ̀ lè ti òkè òkun dé. Ṣé wọn ò rí Mùsùlùmí kankan bi léèrè ni? Àárọ̀ ni Bàbá wa kú, kí ẹ tó kírun alásàárì ẹ ti sin wọ́n. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Síbẹ̀, mo ti wo ibi tí ọmọ yẹn ti wọlé bá bàbá rẹ̀ ní àwòtúnwò.

Fídíò ìsìnkú tí àbúrò mi Tàófíìkì fi ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn, n kò tíì lè wò ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń gbé Bàbá jáde. Ẹ bá mi kí i. Tó bá bi yín, ẹ ní mo ti wò ó tán, pé ó yà á dáadáa.

Sodiqat yín.