Ẹsẹ̀ Onírin Bàbá Ògúntóyìn

Ilé Ògúntóyìn,
Àsin-Èkìtì,
Lọ́nà Ìkọ̀lé.
24 Oṣù Kẹwàá, 1964.

Táyọ̀ ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé òtútù ìlú òyìnbó kò tíì gbé ọ mì? Ikọ́ tó ń bá ọ jà nígbà tí mo ń bọ̀ wálé ńkọ́? Victoria àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ó ti yege ìdánwò nọ́ọ̀sì rẹ̀? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Bí Yorùbá mi bá kọsẹ̀, bá mi gbé e dìde. N kò fẹ́ fi èdè òyìnbó kọ èyí.

Ó dá mi lójú pé o ṣì rántí iyàn wa lórí àwọn ìwé ìtàn ọjọ́ iwájú tí a máa ń kà nínú ọkọ̀ ojú irin. Ìwọ ní àwọn ẹ̀dá onírin lódindi ló máa pa ọmọ aráyé run, torí wọn ò ní ìyá, wọn ò ní ẹ̀jẹ̀, kò sí ohun tí a lè fi bẹ̀ wọ́n. Èmi ní rárá, àwọn tó ti jẹ́ ènìyàn rí ló burú jù, àwọn tó fi irin pààrọ̀ ẹsẹ̀, tí wọ́n fi pààrọ̀ apá, títí ó fi kan ọkàn. Wọ́n mọ ọ̀nà ilé wa, wọ́n mọ oríkì wa. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ohun tí mo sọ fún àwọn ará ilé gan-an nìyí lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a ń bó ẹ̀gúsí, inú mi sì ń dùn pé ọ̀rọ̀ ń dá ṣáká lẹ́nu mi. Ìyá Àbíkẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bi mí pé ta ló ń se oúnjẹ fún wọn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín àfi ọkọ rẹ̀, Bàbá Ògúntóyìn. Igi ló wó lu ẹsẹ̀ rẹ̀ lóko lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì gé e lókè orúnkún. Ilé ìwòsàn kan ní Adó ti ṣe ẹsẹ̀ onírin fún un. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ló yẹ kó lọ gbà á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á fún ẹlòmíì. Mo mọ̀, Táyọ̀. Mo kàn gbàgbé ni.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ní òun ò lọ mọ́.

"Nínú ulé yìí," ló wí, "urin la máa ń fi ẹnu kàn tí a bá ń búra. Ẹni tó bá búra èké, Ògún á dá a lẹ́jọ́. Tí urin bá wá di ara mi, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti di ìbúra nìyẹn. Ìgbà wo ni mo fẹ́ ráyè purọ́ fún ìyàwó mi?"

"Ó ti pẹ́ tó ti yẹ bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Àbíkẹ́ dáhùn.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi. "Ìwọ náà lo sọ pé láti ẹsẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀."

Ìyá Àbíkẹ́ tẹ̀ lé mi dé ìdí ààrò. Ó ní igbó ti bo oko kòkó, pé ìjókòó ló máa pa ọkọ òun. "Ẹnu tí o fi tú u, òun ni kí o fi dì í." Láti ìgbà náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo bẹ Bàbá, mo ní ìtàn lásán ni, ẹnìkan ló jókòó tó fi orí rò ó. Ó ní ohun tí orí bá lè rò, ọwọ́ lè ṣe é.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó pè mí síwájú ojúbọ Ògún, ó na àdá sí mi.

"Àwọn ènìyàn inú ìwé rẹ yẹn, nígbà tí ọkàn wọn ń yí padà, ta ló sọ fún wọn?"

Mo ronú dáadáa. Mo ní kò sẹ́ni.

"Ìwọ á máa sọ fún mi."

Ohun tí mo fi ẹnu kan irin búra lé lórí nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀ a wọ lọ́rì lọ sí Adó.

Ó ti ń rìn dé ìdí igi ọsàn báyìí, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Ní àràárọ̀, tó bá ti de okùn ẹsẹ̀ náà tán, á ní kí n wo ojú òun. "Ṣé èmi náà ni?" Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ẹ̀yin náà ni. Ṣùgbọ́n lánàá ó fi ẹsẹ̀ irin gbá ajá rẹ̀, ajá tó fẹ́ràn jù, kò sì bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó bi mí láàárọ̀ yìí, mo sọ ti ajá náà fún un.

Ó tú okùn, ó gbé ẹsẹ̀ náà ti ògiri, ó fi ọ̀pá rẹ̀ àtijọ́ tiro jáde, ó ń pe ajá náà káàkiri ẹ̀yìnkùlé.

Bá mi kí Victoria. Ìyá Àbíkẹ́, tó ti ń dá mi lóhùn, ní kí n kí ọ. Lọ́la Bàbá á tún de okùn, á tún bi mí. Ẹ̀rù ń bà mí.

Èmi ṣì ni tìrẹ,
Olúbùnmi