Ìhágún Ètò Ààrò àti Ògbufọ̀ Inú Rẹ̀

Èmi tí gbogbo ilé iṣẹ́ búrẹ́dì mọ̀ sí Bàbá Àgádágodo, tí mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ààrò wọn, ni mo kọ ìwé yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran. Orúnkún nìkan ló ń ṣàìgbọràn, òun kọ́ ló sì ń kọ̀wé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, agbẹjọ́rò, ni yóò pín ogún mi.

1. Ilé di ti ìyá àwọn ọmọ mi, pẹ̀lú àga tí ó ti ń bú láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Mo kàn fẹ́ràn àga náà pẹ̀lú ni.

2. Ológbò mi àti àpótí irinṣẹ́ di ti àbíkẹ́yìn mi. Àwọn méjèèjì kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, wọn yóò bá ara wọn mu.

3. Ètò ààrò di ti àkọ́bí mi obìnrin. Ọmọ mi, àwọn aṣebúrẹ́dì ń fi èdè kékeré kan kọ ìlànà yíyan búrẹ́dì fúnra wọn, ògbufọ̀ tí mo fi sínú ètò ló sì ń kà á tó ń ṣe é. Àlejò ni ìlànà yẹn nínú ilé wa, ojú tí àlejò ní, kò fi ríran. Má fún un ní kọ́kọ́rọ́. Nǹkan mẹ́ta péré ni kó lè béèrè: kí ooru pọ̀ sí i, kí ooru dín kù, báwo ni ooru ṣe pọ̀ tó. Kó má fọwọ́ kan fáìlì, kó má dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bó bá ṣubú, kí ilé wa má bá a wó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, máa ka ìgbésẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti kọjá iye tí o fún un, dá a dúró, kí ètò sì pa iná ààrò. Wọn yóò ní ahun ni ọ́. Ogún ọdún ni wọ́n fi pe èmi náà bẹ́ẹ̀, mo sì ń sanra.

4. Àbúrò mi ọkùnrin, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan tẹ́lẹ̀, ni mo dá orúkọ rere rẹ̀ padà fún. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ̀ pé ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ẹnì kan yọ òǹkà tó ń ka ìgbésẹ̀ àlejò kúrò nínú ètò. Ìlànà kan ní kí ètò dúró títí ooru yóò fi pé, bẹ́ẹ̀ wáyà tí ń wọn ooru ti já. Ooru kò pé lójú rẹ̀, kò sí ẹni tó dá àlejò dúró, ètò fúnra rẹ̀ sì dúró tì í. Iná jó títí ààrò fi là. Orúkọ àbúrò mi ni ètò kọ sílẹ̀ pé ó yọ òǹkà, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ni mo yọ ọ́. Aṣebúrẹ́dì àgbà ló ń bẹ̀ mí pé ìlànà òun gùn, òǹkà ń gé e. Ó pè mí ní ọ̀gá lẹ́ẹ̀mẹta, orí mi wú. Àbúrò ti lọ jẹun, kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní ṣíṣí, mo jókòó sídìí rẹ̀, mo ní màá dá òǹkà padà lọ́la. Mo gbàgbé. Nígbà tí wọ́n ń lé e, mo dákẹ́, mo sì ń sọ fáyé láti ìgbà náà pé agídí ni kò jẹ́ kó kí mi. Ojú ń tì mí, ó sì ń dùn mí.

5. Ìwé ìhágún kì í sọ̀rọ̀ títí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi kú. Mo yọ ìpín kẹrin kúrò nínú òfin yẹn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á létí gbogbo ilé iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ wá lọ kà á fún un nílé rẹ̀. Ẹ ó bá mi níta. Mi ò ní kan ilẹ̀kùn títí yóò fi gbọ́ ọ tán.

Mo fọwọ́ ara mi sí i, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta:
Bàbá Àgádágodo

Ẹlẹ́rìí: Oníṣègùn eyín tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa
Ẹlẹ́rìí: Awakọ̀ búrẹ́dì